Láti Ẹnu Kànga dé Ẹnu Ọmọ: Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Omi Mímu Ilé Wa ní Èkìtì

Kànga ilé wa ní Ìkòlé-Èkìtì kò ní àlébù lójú ẹnikẹ́ni. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù nini, agboolé mẹ́ta ló ń wá pọn níbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún kan, láàárín òjò àkọ́rọ̀ sí ìgbà tí iṣu tuntun jáde, èèyàn mẹ́ta nínú ilé wa ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, táífọ́ọ̀dù, dá dùbúlẹ̀. A fura sí oúnjẹ. A fura sí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo jókòó sí ẹ̀bá kànga yẹn tí mo kàn ń wò ó. Okùn tí a fi ń fa omi nà gbalaja sílẹ̀. Ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá. Adìyẹ yàgbẹ́ sí i. Ọmọ ọdún méje kan fà á yọ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó jù ú sínú kànga tòun ti ike ìfami, gbogbo ohun tó wà lára okùn náà sì ṣàn sínú omi tí gbogbo wa ń mu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé omi tó dára lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ẹnu wa. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lónìí, láti ibi tí omi ti ń sun títí dé inú ife. Àwọn ewu mìíràn tó ń gbẹ̀mí èèyàn nínú ilé wà lójú ọ̀nà kan náà, n kò sì ní fò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ohun tó wà lápá òkè kànga yín

Òkè ló yí wa ká ní Èkìtì, láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè dé Ìkẹ́rẹ́ níbi tí Olósùnta dúró sí, àpáta ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, agbẹ́kànga kì í gbẹ́ jìnnà kí irin rẹ̀ tó kan òkúta. Inú lílà àpáta ni omi ń gbà, erùpẹ̀ tí ì bá sẹ́ ẹ kò nípọn tó. Bí ìdọ̀tí bá bọ́ sínú ihò kan lápá òkè, kì í pẹ́ kó tó dé kànga tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ dúró lẹ́nu kànga yín, kí ẹ wo ibi tí àgbàrá máa ń gbà wá bí òjò bá rọ̀. Apá ibẹ̀ ni òkè. Ṣáláńgá, sókàwéè, ààtàn àti ilé ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lápá ibẹ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí ó tó mítà 30 sí kànga, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, tàbí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 40. Ìsàlẹ̀ ihò ṣáláńgá pàápàá gbọdọ̀ fi mítà kan àtààbọ̀, ó kéré tán, ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé. Ìgbà òjò tí omi ga jù lọ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tan ara yín jẹ.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ìdílé kì í gbòòrò, àwọn tó kọ́ ilé sílẹ̀ fún wa kò sì bi wá léèrè. Bí ṣáláńgá aládùúgbò bá ti wà ní mítà mẹ́wàá sí kànga yín, ìjà kò tún un ṣe. Ohun tó kàn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ mu omi kànga náà láìtọ́jú rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Bí ọmọ ìkókó bá sì wà nílé, ẹ má fi omi kànga bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún un rárá. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń ní nitrate nínú, èròjà kan tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wá. Síse kì í mú nitrate kúrò, ńṣe ló ń ki í pọ̀ bí omi ṣe ń gbẹ, ó sì lè sọ ara ọmọ di aláwọ̀ búlúù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. Ẹ̀yin ìyá àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ń mu ọmú kò nílò omi kankan. Omi tó wà nínú ọmú tó o, kódà nínú ooru oṣù Kẹta.

Àwọn kan á ní omi ìsun ni tiwọn, pé inú àpáta ló ti ń jáde. Òótọ́ ni, Èkìtì ní ìsun tó lókìkí. Ìlú wo ni kò mọ Ìkọ̀gọ̀sì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn? Ṣùgbọ́n ìsun tí wọ́n ń fọ aṣọ lókè rẹ̀, tí màlúù sì ń mu nínú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí kànga tí kò ní ìdérí. Ẹ tọ́jú omi rẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí omi ẹ̀rọ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ yín, bíi àwọn tó ń rí omi láti adágún Ẹ̀rọ ní Ìkùn-Èkìtì, ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Nígbà tí omi kò sí nínú páìpù, ibi tó bá jò lè fa omi gọ́tà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣàn lọ títí tí yóò fi mọ́, kí ẹ fi fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó gbe ti mímu.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ẹnu kànga ṣe

Ibí ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Kí ògiri ẹnu kànga ga tó ìbàdí àgbàlagbà. Kí ẹ fi símẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síta, kí omi tó bá dà sílẹ̀ lè ṣàn lọ dípò kó padà sínú kànga. Okùn kan, ike ìfami kan, fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá wá pọn omi kò gbọdọ̀ mú ike tirẹ̀ wá láti ilé. Kí ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi irin dábùú rẹ̀, kí okùn àti ike máa wà lókè nígbà gbogbo. Nílé wa, ìṣó ńlá kan lára igi máńgòrò la fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Ìdérí ńkọ́? Páànù tí ẹ fi òkúta lé lórí kì í ṣe ìdérí. Kí wẹ́dà ṣe onírin tó ní àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà. Ọmọdé tó ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò mọ̀ pé páànù ti dípẹtà. Ẹ kó búlọ́ọ̀kù àti àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, torí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta máa gùn nìyẹn. Nínú ilé náà, ẹ de àgbá omi àti korobá tó bá ní omi nínú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè dojú dé inú korobá kó má lè gbé orí rẹ̀ sókè, omi tí kò tó ìdajì pàápàá ti tó láti pa á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ bá fẹ́ fọ kànga, ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ẹni tó máa wọ̀ ọ́

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, torí ohun tó ń pa èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, tí kànga bá ti fà, ni a máa ń pe agbẹ́kànga pé kó wá kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kó sì gbẹ́ ẹ sí i. Omi díẹ̀ tó kù yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìfami tó ń lo bẹntiróòlù kì í lè fa omi láti òkè bí omi bá ti jìn tó nǹkan bíi mítà 7. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń so ẹ̀rọ náà mọ́ okùn tí wọ́n á sọ̀ ọ́ sínú kànga, tí wọ́n á sì tan án síbẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ríbi jáde. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn lójú. Ẹsẹ̀ agbẹ́kànga á kàn rọ̀ ni, kò ní lè pariwo. Ẹni tó wà lókè á rò pé ó yọ̀ ṣubú, á sáré wọlé láti gbé e. Òun náà kò ní jáde. Ẹnì kẹta á tẹ̀lé e.

Nítorí náà: ẹ̀rọ tó ń mu bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wọ inú kànga, kò sì gbọdọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nínú. Ẹ fi ike fa omi náà jáde bó ti wù kó pẹ́ tó, tàbí kí ẹ lo súmò oníná, ẹ̀rọ ìfami tí a ń rì sínú omi, kí ẹ sì pa iná rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣí kànga sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń wọlé so okùn tó nípọn mọ́ àyà àti abẹ́ apá rẹ̀ kó tó sọ̀, kí ọkùnrin méjì tó lágbára sì di orí okùn náà mú lókè, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n fà á. Bí kò bá ní okùn lára tó sì ṣubú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé tẹ̀lé e, bó ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ pe panápaná tàbí 112, kí ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sínú kànga. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dúró lókè kí a máa wo ẹni tiwa. Ṣùgbọ́n òkú méjì kò sàn ju ọ̀kan lọ.

Àwọn baba wa máa ń sọ àtùpà sínú kànga láti wo bí yóò kú. Bí ó bá kú, òótọ́ ni pé atẹ́gùn kò tó níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Bí kò bá kú, ìyẹn kò sọ pé kò séwu, torí carbon monoxide tó lè pa èèyàn kì í pa àtùpà. Bí òórùn bẹntiróòlù bá sì wà níbẹ̀, iná yẹn lè gbiná mọ́ gbogbo yín lójú.

Lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ bá ti jáde tí omi sì ti padà, ẹ fi blíìṣì fọ kànga náà. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà méjì ní nǹkan bíi lítà 1,570 omi nínú. Lítà méjì blíìṣì tí a kọ 3.5% sí lára tó fún un. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á yí ara ògiri inú kànga ká, ẹ fi ike ìfami rú omi náà, ẹ dé e títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fà á dànù títí òórùn rẹ̀ á fi fúyẹ́. Kí gbogbo agboolé gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí kan jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń gbé omi sínú táńkì pẹ̀lú. Ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta, bálíkónì kì í ṣe ìta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Omi òjò

Omi òjò dára, ṣùgbọ́n òrùlé ló ń bà á jẹ́. Eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá ti kó jọ sórí páànù láti oṣù Kọkànlá. Ẹ má gbe òjò àkọ́rọ̀ mu. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ní gbogbo ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbé àgbá sí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu àgbá kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ kẹ́ẹ̀gì wò

Àgbẹ̀ ni wá. Inú ilé tí kòkó àti iṣu wà, oògùn apakoríko àti oògùn tí a ń fọ́n sí kòkó wà níbẹ̀. Bí oògùn bá tán, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ a dára lójú, a ní ìdérí tó le, ẹnì kan á sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, á fi pọn omi. Ọṣẹ kò lè fọ oògùn náà kúrò, ó ti wọ ara ike. Ẹ fi omi ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóko, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfọ́nko kí ẹ fọ́n ọn sí oko, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ lu kẹ́ẹ̀gì náà nídìí ní ihò púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Ẹ má sun ún nínú iná ìdáná.

Kẹ́ẹ̀gì omi mímu ní tirẹ̀, ẹ yan an sọ́tọ̀, ẹ so aṣọ funfun mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ki ìka yín bọ ẹnu rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ó bá ń yọ̀ bí ilá, omi inú rẹ̀ kò mọ́ mọ́. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́, ọṣẹ àti omi díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ mì ín dáadáa, ẹ ṣan án, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tọ́jú omi kí ẹ tó mu ún

Bí omi bá dúdú tàbí tó ní ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ṣẹ́ sí mẹ́rin sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù á mú kí ẹrẹ̀ sọ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àrùn. Aṣọ náà ní ìtàn. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé sòbìà, aràn gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn nígbà iṣẹ́ oko. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Sísẹ́ omi wà lára ohun tó lé e lọ. Ọdún 2008 la rí i kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde lọ́dún 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kòkòrò tó ń gbé sòbìà tóbi tó kí aṣọ mú un. Ti táífọ́ọ̀dù àti ti onígbáméjì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gba inú aṣọ kọjá. Nítorí náà ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ.

Síse ló dá mi lójú jù. Kí omi hó, kí ó máa ru nínú ìkòkò fún odindi ìṣẹ́jú kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sè é fún ìdajì wákàtí ń fi igi àti gáàsì ṣòfò. Ẹ dé e kí ó tutù nínú ìkòkò kan náà.

Blíìṣì rọrùn fún ilé tó pọ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn dídùn, kò ní àwọ̀, kò ní ọṣẹ. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 5%, ẹ̀kán méjì sí lítà omi kan. Bí ó bá jẹ́ 3.5%, ẹ̀kán mẹ́ta. Bí omi kò bá mọ́ dáadáa, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì. Sírínjì tí kò ní irin abẹ́rẹ́ tàbí ike oògùn ojú tuntun ni kí ẹ fi kán an, kì í ṣe ojú lásán. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òórùn rẹ̀ yẹ kó ṣì kù díẹ̀ nínú omi náà. Ibi tí blíìṣì bá wà, áàsìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀, bí wọ́n bá pàdé, èéfín wọn á fún èèyàn lọ́rùn.

Bí owó gáàsì àti ti blíìṣì kò bá sí, oòrùn wà. Ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ike tí kò ní àwọ̀, tí a lè rí inú rẹ̀ kedere láti ìta, tí omi tàbí ẹlẹ́rìndòdò wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí kò ju lítà méjì, ẹ bó bébà ara rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì.

Ìgbésẹ̀ keje: Inú ilé

Àmù ìyá wa máa ń mú omi tutù dáadáa, n kò sọ pé kí ẹ gbé e jù. Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa kọ́ọ̀bù. Ọmọ á wọlé láti pápá, á ki kọ́ọ̀bù bọ inú àmù, ìka mẹ́rin á wọ omi pẹ̀lú rẹ̀, á mu ìdajì, á da ìyókù padà. Ẹ wá ìgbakọ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kan, kí ó máa gbé lára ògiri, kí òun nìkan máa wọ inú àmù. Èyí tó sàn jùyẹn ni àgbá oníke tó ní ẹ̀rọ nídìí. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ omi mímu.

Píọ̀wọ́tà: ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́, ẹ má ra èyí tó ti gbé nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fọ ara ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín já a.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tí kò gbọdọ̀ wà nínú ike omi

Kẹrosíìnì mọ́ bí omi. Bí ẹ bá rọ ọ́ sínú ike omi, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á mu ún. Kí kẹrosíìnì, áàsìdì àti oògùn oko wà nínú ike tí wọ́n bá wá, lókè, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní epo pupa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Bí ó bá ń bì, kẹrosíìnì náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Bó bá jẹ́ oògùn apakoríko ni, ẹ mú ike náà lọ́wọ́ kí dókítà lè ka orúkọ rẹ̀. Ẹ má dúró wo bóyá á sàn, torí àwọn kan nínú wọn kì í fi ara hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀

Omi tó ń jáde lára ló ń pa ọmọ, ẹ tètè dá a padà. Bí ẹ bá ní ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, láti ọ̀dọ̀ olóògùn, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí kò bá sí, píọ̀wọ́tà méjì jẹ́ lítà kan. Ẹ da méjèèjì sínú jọ́ọ̀gì tó mọ́, ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà tí kò kún bo ẹnu sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má dá oúnjẹ dúró. Ẹ béèrè fún oògùn zinc pẹ̀lú, ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ á lò ó. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú jọ́ọ̀gì di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Bí ìgbẹ́ bá funfun bí omi ìrẹsì tí kò sì dá, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí ojú ọmọ bá jìn wọlé, bí kò bá rí omijé sun, tàbí tí ẹ fọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà, ẹ pe ọlọ́kadà ní wàrà-n-ṣeṣà, lóru ni o, ní ọ̀sán ni o. Kí ẹnì kan gbé jọ́ọ̀gì yẹn dání lójú ọ̀nà, kí ó máa fún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.